Ìwo Àgbọ̀nrín Kì í Bọ́

Bí Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ó rí i ní Dúgbẹ̀ lórí àtẹ àwọn tó ń ta káàdì: ẹranko kan ń fa ọkọ̀ Bàbá Kérésì, ìwo orí rẹ̀ yà bí ẹ̀ka igi. Ẹ bi ọmọ pírámárì èyíkéyìí pé kí la ń pè é lédè Yorùbá, wàrà ni yóò dá yín lóhùn: "Àgbọ̀nrín ni." Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa náà nìyẹn. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì pàápàá, nígbà tí wọ́n dé Orin Dáfídì kejìlélógójì, níbi tí òùngbẹ omi ti ń gbẹ ẹranko kan, àgbọ̀nrín ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mi ò bá wọn jà o. Ẹranko tó wà lọ́kàn onísáàmù kò sí nínú igbó wa. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, òkè àríwá pátápátá, ní Algeria àti Tunisia, ni irú rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Èyí tó bá a mu jù nínú igbó tiwa ni wọ́n mú, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ jẹ́ ẹ.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni àríyànjiyàn kan tó wáyé níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Ọ̀kan nínú wa ní òun ka ìwé kan nípa bí àwọn òyìnbó àtijọ́ ṣe ń fi ìwo àgbọ̀nrín ṣe òòyà, abẹ́rẹ́, èèkù ọ̀bẹ àti orí ọ̀kọ̀. Ó wá bi wá pé, "Àwọn bàbá tiwa ńkọ́? Ṣé igi, irin àti amọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, igi ni tiwa. Ìdáhùn mi gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ níbi ìpàdé lọ, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n pe ti Bàbá Kérésì ní àgbọ̀nrín òyìnbó, kí n sì fi orúkọ àgbọ̀nrín sílẹ̀ fún tiwa. Ìwo àgbọ̀nrín òyìnbó, egungun gidi ni. Ọdọọdún ló ń hù. Bó bá ń hù lọ́wọ́, awọ tó ní irun múlọ́múlọ́ ni yóò bò ó, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa ṣàn nínú awọ yẹn. Bó bá gbó tán, awọ náà á gbẹ, ẹranko náà á máa fi orí ha igi títí awọ yóò fi ṣí kúrò. Tí àkókò gígùn bá ti kọjá, ìwo náà fúnra rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, ọ̀tún àti òsì, òmíràn á sì tún hù. Akọ nìkan ló ń hù ú, àfi irú kan tó ń gbé apá ibi tí yìnyín pọ̀ sí, tí abo rẹ̀ náà ń ní ìwo. Irú yẹn gan-an ló wà nínú káàdì Dúgbẹ̀.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àgbọ̀nrín, ẹtu, ẹfọ̀n, títí dé orí màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn ilé, oríṣi kan náà ni ìwo gbogbo wọn. Egungun kékeré kan yọ láti ara agbárí, èèpo líle kan wá wọ̀ ọ́ lórí bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń wọ ẹsẹ̀. Èèpo yìí kì í ṣe egungun. Ohun tí èékánná ọwọ́ yín àti irun orí yín jẹ́ náà ló jẹ́. Ẹ gé díẹ̀ sínú iná, òórùn irun tó jóná lẹ ó gbọ́. Kì í bọ́. Bí ẹranko náà ṣe ń dàgbà ló ń gùn sí i, ọjọ́ tó bá kú ni wọ́n jọ ń lọ.

Ẹ lè ní kí ló wá kan ọmọ ènìyàn nínú ìyẹn. Ohun gbogbo ni. Ní Yúróòpù àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwo ṣiṣẹ́ kò nílò láti pa ẹranko kankan. Bí òtútù bá ti ń lọ sópin, àwọn ará oko á wọ inú igbó lọ, wọ́n á ṣa ìwo nílẹ̀ bí a ṣe ń ṣa àgbálùmọ̀, wọ́n á gbé e wá tà fún àwọn oníṣẹ́ nígboro. Ní ìlú York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Hedeby lápá àríwá Jámánì, nígbà ayé àwọn Viking, iṣẹ́ òòyà ṣíṣe jẹ́ iṣẹ́ odidi àdúgbò. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ wò mọ èyí tí wọ́n ṣà nílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gé lórí ẹran, nítorí ìdí ìwo tó bọ́ fúnra rẹ̀ máa ń rí roboto, kò ní agbárí lára. Èyí tí wọ́n ṣà ló sì pọ̀ jù.

Níbí ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń ṣa ìwo nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣíwájú ìwo. Ọdẹ ni yóò kọ́kọ́ ní in, kó tó dọ́wọ́ ẹlòmíràn. Orí ẹran sì rèé, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń gbé sọnù níbi tó bá wù wọ́n. Ó ní ẹni tó tọ́ sí, ó sì ní ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ìdí nìyẹn tí ìwo fi tètè bọ́ sọ́wọ́ oníṣègùn ju kó bọ́ sọ́wọ́ onígbàjámọ̀ tàbí onídìrí lọ. Ẹ dán an wò, kí ẹ délé kí ẹ sọ fún màmá yín pé ẹ ń wá ìwo àgbọ̀nrín. Ẹ ẹ́ rí ojú tí wọ́n máa fi wò yín. Kò sí màmá Yorùbá tó máa rò pé òòyà lẹ fẹ́ fi ṣe! Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn lẹ́kúlẹ́jà ní ọjà Bódè, kò jìnnà sí Challenge, ẹ ó rí i lórí àtẹ láàrin egbòogi àti awẹ́ obì: ìwo ẹtu tó kúrú bí ìka ọwọ́, ìwo àgbọ̀nrín tó lọ́ po lẹ́ẹ̀kan kó tó nà tán. Ti àgbọ̀nrín, akọ ló ni ín. Ti ẹtu, tako-tabo.

Torí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ní àwọn bàbá wa kò fi ìwo ṣiṣẹ́, ohun tó ń wá ni òòyà. Iṣẹ́ wà, àmọ́ ibòmíràn ló wà. Ìwo jẹ́ àpò oògùn: ihò rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ilé, kò béèrè pé kí ẹnìkan gbẹ́ inú rẹ̀, òjò kò lè wọ̀ ọ́, kì í fọ́ bí àdó bá jábọ́. Wọ́n á di oògùn sínú rẹ̀, wọ́n á fi awọ tàbí òwú dí ẹnu rẹ̀. Ìwo ẹfọ̀n méjì ń bẹ lójúbọ Ọya, nítorí ìtàn pé ẹfọ̀n ni Ọya nígbà tó bá gbé awọ wọ̀. Àwọn ọdẹ a máa fi ìwo kékeré ṣe fèrè láti fi pe ara wọn nínú igbó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí fèrè yẹn, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n oníṣẹ́ wà. Bí ẹ bá wo ìwo tí wọ́n ń fọn nílẹ̀ wa, àti eyín erin tí wọ́n ń fọn láàfin Bìní, ẹ̀gbẹ́ ni ihò ẹnu rẹ̀ wà, kì í ṣe ṣónṣó. Fèrè àwọn òyìnbó, ṣónṣó rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọn ọ́n. Ẹ wo bí ìwo ṣe rí: ihò inú rẹ̀ kì í dé ṣónṣó. Ibi tó kẹ́yìn yẹn le gbagidi. Ẹni tó bá fẹ́ fọn ọ́n láti ṣónṣó ní láti gé orí rẹ̀ dànù tàbí kó lu ihò gígùn la ibi líle yẹn já. Ẹni tó bá dá ihò sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, kò pàdánù nǹkan kan, ìwo rẹ̀ sì pé.

Ọ̀rọ̀ ihò yìí ló tú àṣírí kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìbẹ̀rẹ̀ kẹrìndínlógún, àwọn ará Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn agbẹ́yín-erin etíkun wa níṣẹ́. Ní ibi tó di Sierra Leone lónìí, àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Sapi gbẹ́ fèrè eyín erin fún àwọn ọba Yúróòpù láti máa fi ṣọdẹ. Ṣónṣó ni wọ́n fi ihò rẹ̀ sí, bí oníbàárà ṣe fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní àmì ọba Ferdinand àti Isabella ti Spéìn lára. Kí ló sì wà lára àwọn fèrè náà? Ọdẹ, ajá, àti àgbọ̀nrín òyìnbó pẹ̀lú ìwo rẹ̀ bí ẹ̀ka igi! Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò rí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ezio Bassani àti William Fagg fi hàn nínú ìwé wọn ní 1988 pé inú ìwé àdúrà tí Philippe Pigouchet tẹ̀ ní Paris ni wọ́n ti rí àwòrán ọdẹ náà wò. Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin kan jókòó sétí òkun Áfíríkà, eyín erin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìwé òyìnbó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fi eyín gbẹ́ ìwo. Ẹni tó bá ní àwọn bàbá wa kò mọ ìwo àgbọ̀nrín òyìnbó, ẹ fi fèrè yẹn hàn án.

Ìyẹn jìnnà sí wa díẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ Bìní àti Ọ̀wọ̀ náà wà nínú ọjà yẹn, ṣíbí àti ìgbá iyọ̀ eyín erin. A.F.C. Ryder, tó kọ́ni ní ìtàn níbí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló tú ìwé àkọsílẹ̀ owó-orí Potogí ti 1504 sí 1505 yẹ̀ wò, tó sì rí ṣíbí àti ìgbá iyọ̀ eyín erin tí àwọn atukọ̀ ń gbé wọlé láti etíkun wa. Ìwé ńlá tó kọ lórí Bìní àtàwọn òyìnbó jáde ní 1969.

Ní ti Ọ̀wọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀yìn Bìní ni wọ́n ń tọ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n kọ "Bìní" sí lára ní mùsíọ́mù òkè òkun, àwọn onímọ̀ ti wá rí i pé ọwọ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀ ló ti wá. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni ẹ̀gbà ọwọ́ oníhò méjì. Ẹ̀gbà kan wà nínú, òmíràn wà lóde, èyí tòde ní àwòrán tó dá lu, èyí tinú náà ní tirẹ̀, ẹ lè fi ọwọ́ yí ọ̀kan kí èkejì dúró. Kò sí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Inú eyín erin kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ méjèèjì, ọ̀kan kò fìgbà kan jáde nínú èkejì. Mo ti bi ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ bí òun ṣe máa ṣe é, ó ní òun máa ra ẹ̀rọ ni.

Kí ló wá dé tí eyín erin fi gba gbogbo ìtàn, tí ìwo kò fi ní orúkọ? Apá kan rẹ̀ ni pé eyín erin jẹ́ ti ọba. Ní Bìní, bí ọdẹ bá pa erin, ti Ọba ni eyín kan, ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́yín-erin tó ń jẹ́ Igbesanmwan ló sì ń gbẹ́ ẹ láàfin. Ohun tó wà láàfin ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí kó ní 1897, ohun tí wọ́n kó ló sì wà ní mùsíọ́mù. Kò sí ọmọ ogun tó kó ìwo oògùn ọdẹ lọ sí London láti lọ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ láàfin.

Apá kejì wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Star Carr, ní Yorkshire, Grahame Clark wa ilẹ̀ láàrin 1949 sí 1951. Ó bá orí ọ̀kọ̀ eléyín tí wọ́n fi ìwo àgbọ̀nrín òyìnbó gbẹ́, ó sì bá agbárí mọ́kànlélógún tí ìwo ṣì wà lórí wọn, tí wọ́n dá ihò sí lára kí ènìyàn lè dé e sórí bí ẹni tó ń múra eégún. Ó tó 11,000 ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ilẹ̀ àbàtà tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ló pa á mọ́. Ilẹ̀ igbó tiwa gbóná, ó tutù, ó sì kan. Egungun kì í pẹ́ nínú rẹ̀, ìwo tí kì í ṣe egungun kò tiẹ̀ tó egungun pẹ́. Nígbà tí Thurstan Shaw láti Yunifásítì Ìbàdàn lọ wa ilẹ̀ ní ihò kan lẹ́bàá Ìsàrun, nítòsí Àkúrẹ́, ní 1965, egungun ènìyàn kan tó wà níbẹ̀ láti bí 13,000 ọdún ni ó rí, àti òkúta tí wọ́n gé kéékèèké lọ jàra. Òkúta ń pẹ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi òkúta yẹn gé, yálà igi, awọ tàbí ìwo, ilẹ̀ ti jẹ ẹ́. (Ẹ má ṣì í o: "Iwo Eleru" ni wọ́n kọ sínú ìwé òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò kan ìwo. Ihò Eléérú ni, ihò tí eérú wà nínú rẹ̀. Bí àgbọ̀nrín Kérésì náà ni.) Shaw yìí náà ló wa ilẹ̀ Igbo-Ukwu ní 1959 sí 1960, tó bá eyín erin mẹ́ta nínú ibojì ọlọ́lá kan. Ìyẹn ríbi sá pamọ́ sí nítorí idẹ pọ̀ ní àyíká rẹ̀.

Nítorí náà, igi, irin àti amọ̀ tí ọ̀rẹ́ wa kà sílẹ̀, kì í ṣe àkójọ ohun tí àwọn bàbá wa ń fi ṣiṣẹ́. Àkójọ ohun tí ilẹ̀ àti òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa ni. Igi pàápàá, ikán ni kò tíì rí àyè jẹ ẹ́.

Eyín erin ti parí. Àgbáyé fòfin de òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ní 1989, Nàìjíríà sì ti ní òfin tirẹ̀ lórí ẹranko tó ń tán lọ láti 1985. Erin díẹ̀ ló kù ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù wa, nínú igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní January 2024, ìjọba lọ tọ́ọ̀nù 2.5 eyín erin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò jẹ́ ní Abuja. Mo fara mọ́ ọn, kí ẹ má baà rò pé mò ń sunkún eyín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ̀gbà oníhò méjì yẹn kò ní láti bá erin wọgbó.

Ìwo màlúù ń bẹ. Màlúù tó pọ̀ jù ní ọjà wa ni funfun onìwo gígùn tí àwọn Fúlàní ń dà wá. Láti 1916 tí wọ́n ti dá Sábó sílẹ̀ ní Ìbàdàn ni òwò màlúù àti obì ti ń gba ibẹ̀ kọjá; Abner Cohen kọ odidi ìwé lé e lórí ní 1969. Bódìjà ni wọ́n ti ń pa wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba tó ní kí wọ́n kó lọ sí Àmọ̀sùn ní Akínyẹlé ní 2018. Ẹran ń lọ sí ìkòkò, awọ ń di pọ̀nmọ́, egungun ń di oúnjẹ adìyẹ. Ìwo? Ibi tí mo dé, òkìtì rẹ̀ ni mo bá lẹ́yìn ògiri, àwọn ọmọdé ń fi ṣeré.

Mo tọrọ méjì lọ́wọ́ alápatà kan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kì í ṣe oògùn owó?" Mo gbé e wálé ní Àgbọ̀wó, mo rì í sínú garawa omi, mo sì bò ó. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni egungun inú rẹ̀ tó dẹ̀, tí mo lè gbọ̀n ọ́n jáde. Òórùn rẹ̀, ẹ má bi mí. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá sùn sí yàrá kejì fún ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni mo fi ayùn gé ibi tó fẹjú, mo là á lójú kan, mo sè é nínú omi tó ń hó títí ó fi rọ̀ bí awọ tútù. Ibi tí ìwo fi yàtọ̀ sí egungun nìyí: bó bá gbóná, ó ń gbọ́ràn. Mo tẹ́ ẹ láàrin pákó méjì, mo gbé bíríkì lé e. Nígbà tó tutù, ó ti di pẹlẹbẹ, ìmọ́lẹ̀ sì ń là á kọjá, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin tí wọ́n da wàrà sí. Mo fi ayùn kékeré gé eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi fáìlì ha á, mo fi sáńpépà, mo wá fi eérú àti epo pa á títí ó fi ń dán. Òòyà eléyín mọ́kànlá. Méjì kán. Àbúrò mi obìnrin ló ń lò ó báyìí.

Ìwo kejì, mo gbé e lọ sí Sábó láti lọ wo ìwo ẹlòmíràn. Àwọn wanzami, ìyẹn onígbàjámọ̀ Hausa, ṣì ń fi ìwo màlúù fa ẹ̀jẹ̀. Ihò tín-ín-rín kan wà ní ṣónṣó rẹ̀. Wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ tó fẹjú lé èjìká ẹni náà, wọ́n á fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ jáde láti ṣónṣó, wọ́n á dí i, ìwo á gbá mọ́ awọ ara. Orúkọ kan náà, ƙaho, ni ìwo àti iṣẹ́ náà ń jẹ́ lédè wọn. Bàbá tí mo bá níbẹ̀ gba tèmi, ó yí i, ó fi ìka kan ibi líle ní ṣónṣó. Ó ní kí n máà gé e. Ó mú irin tín-ín-rín kan sínú iná, ó dúró kó pọ́n, ó sì rọra lu ihò náà já láti òkè títí dé ibi tí inú ti ṣófo, èéfín tó ń rùn bí irun ń yọ lójú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ó fẹnu sí i, ó fà á, ó ní ó dáa, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lórí ẹní.